Wọ́n Ní Kí N Ṣọ́ Orí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi ṣọ́ ẹran, ẹ kọ́kọ́ ní kó ya ẹnu, kí ẹ wo eyín rẹ̀. Wọn kò wo tèmi. Ohun tó bí ìtàn yìí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ. Ìyá ọkọ mi ti ṣáájú yín.

Fúnmilọ́lá ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, tíṣà náà ni Ọláníyì ọkọ mi. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ má bi mí iye ọmọ tó wà ní kíláàsì mi. Àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Ohun tí mo bá ti sọ, wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Bí mo bá ní, "A, B, D," wọ́n á ní, "A, B, D!" Bí mo bá ní, "Ẹ dákẹ́!" wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́!" Ariwo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí Òkúta Olósùnta kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ọwọ́ di orí mú wọlé. Ìyá ọkọ mi, Màmá Beatrice, jókòó lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ọ́?"

"Orí ni, Màmá."

"Orí lásán?" Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ páúdà kan tí wọ́n fi bébà pupa wé. "Dà á sórí ahọ́n, kí o fi omi tútù lé e. Má sì sọ fún ọkọ rẹ. Àwọn ọkùnrin ulé yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ orí."

Kí ẹ tó bi mí, Màmá kì í sọ èdè ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé. Lẹ́nu rẹ̀, ulé ni ilé, uṣu ni iṣu, uyán ni iyán. Bí ẹ bá ní kó sọ ọ́ bí ti Bíbélì, á ní kí Bíbélì wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá kọ́ ọ.

Mo da páúdà náà sórí ahọ́n. Ó korò ju ewúro lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹ̀gúsí. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan bá mi sọ ìdì igi kalẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, tí Ọláníyì bá ń wẹ̀, Màmá á yọjú sí ilé ìdáná.

"Ìyàwó, ṣé a ti jí?"

"A ti jí, Màmá."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, páúdà dà? A ó dà á sórí ahọ́n, a ó jọ fa ojú ro, a ó jọ mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín kì í jọ mu omi nínú igbá kan náà, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe kẹ́ mi.

Ọ̀kan láàárọ̀ di ọ̀kan láàárọ̀ àti ọ̀kan lọ́sàn-án. Ìgbà tó yá, a ò kà á mọ́. Orí tó ń fọ́ mi nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé wá ń fọ́ mi ní Sátidé, tí kò sí ọmọ kankan nítòsí. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú lórí ẹní, á ti máa dúró dè mí.

Màmá ló kọ́kọ́ tú wa fó. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó dìde láti kọ orin, ó tún jókòó, ó sì bì sínú fìlà Bàbá Ìjọ tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde ni kókó ìró rẹ̀ tú. Bébà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí òdòdó ìgbéyàwó.

Ọláníyì ṣa ọ̀kan nílẹ̀. Ó wo bébà náà, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, gbogbo èyí?"

"Orí kan náà kọ́ ló ń fọ́ lójoojúmọ́," Màmá dá a lóhùn.

Ọláníyì gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Mo tẹ̀lé wọn. Páúdà méjì wà nínú báàgì mi, nítorí pé ọ̀nà Adó jìn.

Dókítà tó rí wa, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Afọláyan ni. Kò tíì pẹ́ tó ti òkè òkun dé. Ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ máa ń lò ó?"

"Ìgbà tí orí bá fọ́."

"Ìgbà wo ni orí kì í fọ́?"

Màmá rò ó. "Ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán."

"Ìyá, páúdà yìí gan-an ló ń fọ́ orí yín báyìí. Ẹ ti lò ó kọjá ààlà. Bó bá ti ń kúrò lára ni orí ń fọ́, kí ẹ lè tún lò ó."

"Háà! Ẹni tó ń bá mi pa iná, òun náà ló ń sun ulé mi?"

"Òun náà ni. Ẹ ó fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obì náà, ẹ má jẹ ẹ́, ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú páúdà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: orí náà máa kọ́kọ́ fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè bì, ẹ lè má rí oorun sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, á rọlẹ̀. Ibo lẹ fẹ́ ti ṣe é? Lórí bẹ́ẹ̀dì wa níbí, tí àwọn nọ́ọ̀sì á máa wò yín, àbí nílé?"

"Níbí," ni Ọláníyì wí.

"Ulé," ni Màmá wí.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọ́. Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọsibítù. Báwo ló ṣe jáde?"

"Màmá, àìsàn Bàbá ti pẹ́ kó tó lọ. Ọsibítù yìí sì kọ́."

"Mo ní báwo ló ṣe jáde?"

Gbogbo wa mọ bó ṣe jáde: wọ́n gbé e ni. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá rí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Dókítà rí ọwọ́ náà. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe nílé, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí kì í purọ́. Ẹni tí Ìyá máa bẹ̀, tí kò ní gbẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá tún kan páúdà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbé wọn wá bá mi. Ta ló wà nílé?"

Ọláníyì na ìka sí mi. "Ìyàwó mi. Kì í purọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Òfin Mẹ́wàá."

Orí ń fọ́ mi bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Mo di báàgì mi mú. Màmá wo báàgì náà, ó wo ojú mi, ó wá gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ìtì àjà. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sọ.

"Mísísì, ṣé ẹ lè ṣe é?" ni Dókítà bi mí.

Èmi náà mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n ní, "Dókítà, ẹ wá bẹ́ẹ̀dì méjì." Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí tíṣà bá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí páúdà, ta ló tún máa kí i káàárọ̀ lójú ọ̀nà?

"Mo lè ṣe é," ni mo wí.

Nínú bọlẹ̀kájà tó gbé wa bọ̀ wálé, Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ìyàwó, a ó jọ fi í sílẹ̀ ni o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bí mo bá ń sunkún, ìwọ náà á máa sunkún. Á dọ́gba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, Ìyàwó. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀."

"Màmá, wọn ò ní gbé yín."

Bí a ti délé, ó kó gbogbo páúdà tó fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, sínú ìkòkò ẹ̀gúsí àti sínú àpò Bíbélì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Lọ jù wọ́n sí ṣáláńgá."

Mo lọ. Mo dúró lórí ihò ṣáláńgá, mo na ọwọ́. Nígbà náà ni ohùn kan, ohùn tèmi náà ni, sọ pé, "Fúnmi, jù ú o. Àmọ́ bí orí bá wá le jù lọ́jọ́ kan ńkọ́? Tí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ńkọ́? Fi ọ̀kan sílẹ̀."

Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá ku ibi tí mo máa kó o pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí ibẹ̀ fún yín, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í pẹ́ rí yàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi iṣu sínú odó, mo gbé ọmọ odó sókè. Gbì! Màmá ké láti inú yàrá.

"Ta ló ń gún orí mi?"

"Iyán ni, Màmá."

"Irọ́ ni! Orí mi ló wà nínú odó yẹn!"

Mo wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún iyán nílé wa títí orí Màmá á fi balẹ̀. Iṣu sísè la ó máa jẹ. Ọláníyì, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, wo iṣu sísè inú àwo bí ẹni tí wọ́n fún ní òkúta ní ipò àkàrà. Ṣùgbọ́n nítorí ìyá rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Mo ti odó sí ẹ̀yìn ilé, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí mo ṣe ń dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo rí ihò inú rẹ̀. Ta ló máa wo abẹ́ odó nílé tí wọ́n ti fòfin de iyán?

Ẹ ò rí i? Òfin tí mo ṣe fún Màmá ló kọ́ àká fún mi.

Orí Màmá le. N kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀. Ó fi gèlè di orí gbagbagba, ó ní kí n ti fèrèsé pa nítorí oòrùn ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn.

"Ìyàwó, ọ̀kan."

"Màmá, kò sí."

"Ìdajì."

"Màmá!"

"Jẹ́ kí n gbóòórùn bébà rẹ̀, kí n dá a padà fún ọ."

"Màmá, ẹ fara dà á."

"Ọjọ́ tí a lọ tọrọ rẹ ní Ìsẹ̀, ìyá rẹ ní ọmọ òun láàánú."

"Mo láàánú, Màmá. Ìdí nìyí tí n kò fi fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ tán, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo gbé etí odó sókè díẹ̀, mo da ọ̀kan sórí ahọ́n.

Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá tẹjú mọ́ mi.

"Tìrẹ ńkọ́? Orí rẹ ò fọ́ ni?"

"Ó ń fọ́, Màmá. Mò ń rọ́jú ni."

"Ojú rẹ dán fún ẹni tó ń rọ́jú."

"Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yà sọ́dọ̀ tèmi náà."

Ọláníyì gbọ́ èyí láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Fúnmi," ó ní, "ìwọ ni òpó ulé yìí." Mo tẹ orí ba. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Màmá ń rọ́jú nínú yàrá, èmi ń rọ́jú lábẹ́ odó. Ìgbà tó yá, mo jí láàárọ̀ kan, mo bá ẹní Màmá lófo. Mo sáré jáde. Mo bá a lórí àpótí rẹ̀, ó gbé ojú sí oòrùn, kò sí gèlè lórí.

"Ìyàwó, ẹ̀ga wà lórí ọ̀pẹ yẹn. Láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, Màmá."

"Mi ò gbọ́ wọn rí. Orí mi dákẹ́, Ìyàwó. Ó dákẹ́ bí ulé tí àlejò ti lọ." Ó dì mọ́ mi. "A ti bọ́ nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn. Èmi pẹ̀lú rẹ."

Ìbá sàn kó gbá mi létí.

Ó yẹ kí n lọ kó nǹkan abẹ́ odó dànù láàárọ̀ yẹn. Mo ní bí mo bá ti ilé-ìwé dé. Nígbà tí mo dé, orí ń fọ́ mi, mo ní bó bá di ọ̀la. Ọ̀la kò dúró dè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ gbọ́ àṣà wa. Ní àdúgbò wa ní Ùró, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, odó ilé kọ̀ọ̀kan á máa ró. A mọ ohùn odó ara wa bí ẹ ṣe mọ ohùn ajá yín. Odó ilé wa ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti Adó dé. Iṣu wà nínú àká wa, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Màmá kò yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Dọ̀tun, aládùúgbò wa, wá ṣírò rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ.

"Ulé tí odó ò bá ró, tí uṣu sì wà ńbẹ̀, òkú ló wà níbẹ̀. Tíṣà ń fi í pamọ́ ni, kí àwọn èèyàn wọn tó ti Àkúrẹ́ dé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ya wọ ilé wa, gèlè ní ìbàdí, iṣu lórí, ẹkún lẹ́nu.

"Yéè! Màmá Beatrice o! Ìyá rere lọ!"

Màmá ti inú yàrá jáde. "Ta ló kú?"

Ẹkún dúró lójijì. Iṣu kan já bọ́.

"Màmá," ni Ìyá Dọ̀tun wí, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, "ẹ̀yin ni."

"Èmi? Ẹ ò sì ránṣẹ́ sí mi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ ọn. Màmá fi ẹsẹ̀ ta iṣu tó wà nílẹ̀.

"Uṣu òkú mi rèé? Ó tóbi. Ẹ fẹ́ràn mi. Ẹ máà gbé e padà o. Ẹ jẹ́ ká sè é, ká gún un, uyán ti jìnnà sí mi. Ẹ lọ gbé odó wá."

"Rárá!" ni mo ké.

Wọ́n yíjú sí mi.

"Orí Màmá," mo ní. "Ariwo..."

"Orí mi wà ńbí, kò rán ọ níṣẹ́," ni Màmá wí.

"Odó náà... ó ti là."

"Igi ìrókò ló là?" Ìyá Dọ̀tun ti kọjá lára mi. Apá rẹ̀ tó ọmọ odó. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí odó náà dojú sókè.

Bébà pupa. Àwọn kan ṣì wé, àwọn kan ti ṣófo. Afẹ́fẹ́ gbé àwọn tó ṣófo kiri àgbàlá. Adìyẹ kan ṣa ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Adìyẹ gbọ́n jù mí lọ.

Ní àkókò yẹn gan-an ni Ọláníyì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó wo ilẹ̀. Kò wò mí. Ìyá rẹ̀ ló wò.

"Màmá."

Èmi ni Màmá yíjú sí. Kò bínú, kò pa ojú dà. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí kí ẹnì kan wá ṣí i. Ó dúró. Ó dúró tó ìgbà tí èèyàn lè fi sọ "Èmi ni" kó sì tún un sọ.

Mo wo adìyẹ.

"Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí," ni Ọláníyì wí. "Adó ló kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó lọ."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi ekejì dì í mú.

"Ó dáa," ló wí.

Èmi ni wọ́n ní kí n di ẹrù rẹ̀. Mò ń ká aṣọ, ó jókòó tì mí.

"Fi ìró aláwọ̀ ewé yẹn sí i. Èyí tí bàbá Ọláníyì rà fún mi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n á fi nǹkan bò mí, kó jẹ́ òun."

"Màmá," mo ní, "kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹnu mi kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé."

Ilẹ̀ mọ́. A dé ibi tí ọkọ̀ Adó ti ń gbérò. Jacob awakọ̀ ti gba ẹrù Màmá, ó ti fa òun náà gorí ọkọ̀. Màmá jókòó láàárín àwọn èrò, ó ń kọ orin kan lábẹ́ èémí. Mo mọ orin náà. Òun ni wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń gbé bàbá Ọláníyì bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé bàtà kan bọ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀.

Mo ṣa bàtà náà. Mo ní kí n nà án sí i, ọwọ́ mi kò nà. Ẹnu mi ló là.

"Èmi ni!"

Jacob yọ orí síta. "Ẹ̀yin ni kí ni, Mísísì? Ẹ sọ ọ́ kíá, mo fẹ́ ṣí."

"Èmi ni mò ń jẹ páúdà!"

N kò mọ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọjá lọ sílé-ìwé, sìléètì lọ́wọ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Bí wọ́n ti gbọ́ ohùn tíṣà wọn, wọ́n ṣe ohun tí mo kọ́ wọn.

"ÈMI NI MÒ Ń JẸ PÁÚDÀ!"

Gbogbo ibùdókọ̀ yíjú. Mo ní, "Ẹ dákẹ́!"

"Ẹ DÁKẸ́!"

Obìnrin kan tó ń lọ sí Adó kan sáárá sí wọn pé wọ́n mọ ìwé. Ọláníyì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú mi.

"Fúnmi. Láti ìgbà wo?"

"Ṣáájú kí a tó lọ bá dókítà. Màmá kò tọ́ ọ wò láti ìgbà tí a ti dé. Kò tọ́ ọ wò rárá. Tèmi ni gbogbo èyí tó wà lábẹ́ odó."

"O sì jẹ́ kí n gbé ìyá mi gorí ọkọ̀."

Mo fún un ní bàtà tó wà lọ́wọ́ mi.

Jacob gbá ara ọkọ̀. "Tíṣà! Ṣé Ìyá ló ń sọ̀kalẹ̀ àbí Ìyàwó ló ń gòkè? Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú!"

Ọláníyì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ máa lọ sílé."

Màmá wò mí láti òkè. Ó wá sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Mi ò sọ̀kalẹ̀," ló wí. "Ta ló máa ṣọ́ ọ? Ìyàwó, gòkè. Gbé bàtà mi bọ̀."

Nígbà tí a dé ọsibítù, Dókítà Afọláyan pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Mísísì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti mú Ìyá wá?"

"Rárá o, Dókítà," ni Màmá wí. "Ìyá ló mú Mísísì wá."

Wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà títí. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà lé mi níwájú orí.

Orí tó fọ́ mi níbẹ̀, n kò lè kọ ọ́. Gbogbo ìyà tí mo rí tí Màmá jẹ ló wá jókòó lé mi lórí, ó sì mú ẹbí rẹ̀ dání.

"Màmá, ọ̀kan."

"Kò sí."

"Ìdajì."

"Ìyàwó!"

"Màmá, ẹ ò láàánú?"

"Mo láàánú," ni Màmá wí, ó ń gbádùn rẹ̀. "Ìdí nìyí tí n kò fi fún ọ."

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, èwo ló dára jù, ilé tàbí ọsibítù? Mo ní ilé wo Màmá sàn, ilé kan náà ló bà mí jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ máa fi ṣọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹni yẹn bá sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà níbi tó ti bi yín, nítorí pé ibẹ̀ ni òótọ́ ti fúyẹ́ jù. Bó bá dé ibùdókọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé á bá yín gbé e.

Ọláníyì pẹ́ kó tó tún pè mí ní òpó. N kò bi í. Ṣùgbọ́n ó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí Adó, ó ń gbé iṣu wá fún ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, abà kan wà tí àwọn ará ilé aláìsàn ti ń dáná. N kò mọ ẹni tí Màmá yá odó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn dùbúlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, orí mi bí ìkòkò tó fẹ́ là, mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn fèrèsé mi gan-an.

Gbì! Gbì! Gbì!

"Yéè! Ta ló ń gún orí mi?"

Nọ́ọ̀sì Títílọlá sáré sí ojú fèrèsé. "Ìyá! Àwọn aláìsàn ń sinmi!"

"Ẹnì kan péré ni mò ń gún un fún nínú wọn," ni Màmá dáhùn. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná."

Gbì! Gbì!

Ó gbé e wọlé fúnra rẹ̀, iyán funfun, èéfín ń jáde lára rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó gbé àwo náà lé mi lórí itan.

"Màmá, ariwo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Jẹun, Ìyàwó. Ulé tí odó bá ti ń ró, kò sí òkú ńbẹ̀."